Ta Ni Yóò Gbaṣẹ́ Lọ́wọ́ Ẹni Tó Ń Tọ́jú Màmá? Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lórí Dàyálísíìsì Àgbàlagbà nínú Ilé

Àwọn tó pè mí ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí bí a ṣe lè ran àgbàlagbà tí kíndìnrín rẹ̀ ti daṣẹ́ sílẹ̀ lọ́wọ́, kí ó lè máa ṣe dàyálísíìsì, ìtọ́jú tó ń fọ ẹ̀jẹ̀ dípò kíndìnrín, nínú ilé ara rẹ̀. Nọ́ọ̀sì kíndìnrín ni mí ní Lọ́ńdọ̀nù níbí, ilé ni mo sì ti máa ń lọ bá àwọn tí mò ń tọ́jú. Mo ti jókòó ní pálọ̀ tí páálí omi dàyálísíìsì ga dé ojú fèrèsé, tí fọ́tò ìgbéyàwó àwọn ọmọ wà lára ògiri lẹ́yìn rẹ̀. Ohun tí mo rí níbẹ̀ ni mo wá sọ.

Kò sì pọ̀. Bí ìtọ́jú yìí bá dàrú mọ́ àgbàlagbà lọ́wọ́ nínú ilé, ẹ̀rọ kọ́ ló sábà máa ń bàjẹ́, omi kọ́ ló sì máa ń tán. Ẹni tó ń ràn án lọ́wọ́ ni ó máa ń rẹ̀. Àwa òṣìṣẹ́ ìlera máa ń fi ọjọ́ púpọ̀ kọ́ ọmọ bí yóò ṣe so rọ́bà mọ́ báàgì, a kì í ráyè bi í pé ta ni yóò ṣe é ní ọjọ́ tí ibà bá dá òun náà gúnlẹ̀.

Mo mọ̀ pé àwọn kan ti ń sọ nínú ara wọn pé àgbàlagbà kọ́ ni irú nǹkan báyìí wà fún. Mo máa ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ọmọ: “Màmá ti dàgbà jù.” Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ó ṣe bẹ̀rẹ̀. Willem Kolff, dókítà ará Netherlands, ló ṣe ẹ̀rọ tó fọ ẹ̀jẹ̀ ènìyàn, ní ìlú Kampen ní ọdún 1943, nígbà tí àwọn ọmọ ogun Jámánì ń ṣàkóso ilẹ̀ wọn. Ọ̀rá tí wọ́n fi ń di sọ́séèjì ló wé mọ́ ẹ̀rọ náà kí ẹ̀jẹ̀ lè gba inú rẹ̀ kọjá. Àwọn tó kọ́kọ́ lò ó fún kú léra wọn. Ní 1945 ni ó tó rí ẹni tó là á já: obìnrin ẹni ọdún 67 ni. Ó yè, ó sì tún lo ọdún mélòó kan láyé kí àìsàn mìíràn tó mú un lọ. Ìyá àgbà ni ẹni àkọ́kọ́ tí dàyálísíìsì gba ẹ̀mí rẹ̀ là.

Àṣé wọ́n máa tó gbàgbé. Ní 1960, dókítà Belding Scribner ní ìlú Seattle ní Amẹ́ríkà rí ọ̀nà tí a fi lè máa fọ ẹ̀jẹ̀ ènìyàn kan náà léraléra, lọ́dún dé ọdún. Àwọn tó nílò rẹ̀ pọ̀ ju ẹ̀rọ lọ. Wọ́n yan ìgbìmọ̀ tí yóò máa sọ ẹni tí yóò yè, wọ́n sì là á kalẹ̀ pé ẹni tó bá ti lé ní ọdún 45 kò lè sí nínú àwọn tí wọ́n ń gbé yẹ̀ wò. Ní 1964, ìgbìmọ̀ kọ ọmọbìnrin ọ̀dọ́langba kan pé ó ti kéré jù. Albert Babb àti àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ tó ń bá a ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Washington kan ẹ̀rọ kékeré fún un, wọ́n gbé e lọ sílé rẹ̀, ibẹ̀ ni ó ti ń ṣe é. Láàrin ọdún wọ̀nyẹn náà ni dókítà Stanley Shaldon bẹ̀rẹ̀ sí í rán àwọn aláìsàn tirẹ̀ lọ ṣe é nílé níhìn-ín ní Lọ́ńdọ̀nù. Ẹni tí kò rí àyè nílé-ìwòsàn ni ẹ̀rọ inú ilé ti Seattle yẹn wà fún. Nítorí náà, bí dókítà bá sọ fún yín pé Bàbá lè ṣe é nílé, ẹ má rò pé wọ́n fẹ́ lé e kúrò ni.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi kàn wá tó bẹ́ẹ̀ kò farasin. Ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ ló ṣáájú. Kò sí ẹbí kan nínú gbọ̀ngàn yìí tí kò ní ẹni tó ń lo oògùn ọ̀kan nínú méjèèjì. Èyí tó tẹ̀ lé e wà nínú ohun tí a bí mọ́ wa. Ní 2010 ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kéde pé àbùdá kan tí wọ́n ń pè ní APOL1 ní ẹ̀yà méjì, G1 àti G2, tó wọ́pọ̀ láàrin àwọn tí baba ńlá wọn ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà wá. Ẹ̀jẹ̀ tí àwọn Yorùbá fi sílẹ̀ ní Ìbàdàn fún ìwádìí àbùdá ẹ̀dá wà lára ohun tó jẹ́ kí wọ́n rí i. Àwọn ẹ̀yà yìí ń gbèjà ènìyàn lọ́wọ́ kòkòrò àìsàn sunrun-sunrun tí eṣinṣin tsetse ń gbé kiri. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbà á lọ́dọ̀ bàbá tó sì tún gbà á lọ́dọ̀ ìyá, ewu kíndìnrín tirẹ̀ pọ̀ ju ti ẹlòmíràn lọ. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó ní i ni kíndìnrín rẹ̀ ń bàjẹ́ o. Ní Amẹ́ríkà, bí a bá fi iye ènìyàn wé ara wọn, àìsàn kí kíndìnrín daṣẹ́ sílẹ̀ ń dé àwọn dúdú ju ìlọ́po mẹ́ta bí ó ṣe ń dé àwọn funfun lọ. APOL1 wà nínú ìdí rẹ̀, àìrówó-rí-dókítà lásìkò náà sì wà níbẹ̀.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wọ inú ilé. Oríṣi méjì ni dàyálísíìsì tí ènìyàn lè ṣe nílé. Ọ̀kan ń fa ẹ̀jẹ̀ láti apá gba inú ẹ̀rọ, á sì dá a padà. Abẹ́rẹ́ ńlá méjì ló ń wọ apá nígbà kọ̀ọ̀kan, omi tí ẹ̀rọ ńlá ń lò lẹ́ẹ̀kan sì lè lé ní 100 lítà, omi tí wọ́n ti sẹ́ kúrò nínú gbogbo ìdọ̀tí. Mo mọ àwọn tó ń ṣe é nílé tí ara wọn sì dá ṣáṣá, ṣùgbọ́n ẹni ọdún 78 tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, èmi kì í tètè dá a lábàá fún un.

Èkejì ni ti inú ikùn, òun sì ni mo fẹ́ kí ẹ fetí sí. Awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan bo ìfun wa àti ògiri inú ikùn, òpó ẹ̀jẹ̀ tíntìntín sì kún inú rẹ̀. Bí a bá da omi tó ní ṣúgà sínú ikùn, ìdọ̀tí inú ẹ̀jẹ̀ yóò máa gba ara awọ náà jò bọ́ sínú omi yẹn, bí omi ògì ṣe ń gba ara asẹ́. Ṣúgà náà yóò sì fa omi tó pọ̀ jù nínú ara jáde. Rọ́bà rírọ̀ kan tí oníṣẹ́ abẹ fi sí ẹ̀gbẹ́ ìdodo ni ojú ọ̀nà rẹ̀. Dókítà Henry Tenckhoff ló gbé irú rọ́bà tí a ṣì ń lò jáde ní 1968. Ní 1976, Jack Moncrief àti Robert Popovich ní Austin, ní ìpínlẹ̀ Texas, ṣàlàyé pé omi náà lè wà nínú ikùn kí ènìyàn sì máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Inú ìgò ni omi wà nígbà yẹn. Láìpẹ́, dókítà Dimitrios Oreopoulos ní Toronto sọ ọ́ di báàgì rọ́bà, ọ̀rọ̀ sì di ìrọ̀rùn.

Lítà méjì ni omi náà sábà máa ń jẹ́. Ènìyàn á da ti tẹ́lẹ̀ jáde, á da tuntun sí i, á pa rọ́bà dé, á dìde. Bí ìdajì wákàtí ló ń gbà, ẹ̀ẹ̀mẹrin lóòjọ́. Kò lo iná mànàmáná rárá. Ẹni tí kò bá fẹ́ ẹ lọ́sàn-án lè lo ẹ̀rọ kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, tí yóò ṣe gbogbo rẹ̀ fúnra rẹ̀ láàrin wákàtí mẹ́jọ sí mẹ́wàá tí onítọ̀hún fi ń sùn. Fún àgbàlagbà, èyí ni mo fẹ́ràn jù. Iṣẹ́ méjì ló wà níbẹ̀: síso ó ní alẹ́, àti títú u láàárọ̀. Kò pọndandan kí ẹnì kan náà ṣe méjèèjì.

Ewu tó tóbi jù níbẹ̀ ni kí kòkòrò àrùn gba ojú rọ́bà wọ inú ikùn. Ọwọ́ ni ó ń gbé e wọlé. Ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́, ẹ fi aṣọ mímọ́ nù ún gbẹ, ẹ ti fèrèsé, ẹ pa fáànù, ẹ fi ìbòmú bo imú àti ẹnu, ẹ má ṣe jẹ́ kí ohunkóhun kan ojú rọ́bà. Nínú gbogbo rẹ̀, fáànù ni àwọn èèyàn wa máa ń bá mi jà lé lórí. Bí omi tó ń jáde bá dà bí omi ìrẹsì, tí kò mọ́ gaara mọ́, tàbí tí inú ń ro wọ́n, ẹ pe nọ́ọ̀sì lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì gbé báàgì náà dání lọ sílé-ìwòsàn. Báàgì yẹn ni yóò sọ irú kòkòrò tó jẹ́. Inú omi tuntun ni wọn yóò sì sábà da oògùn sí. Ẹ máa gbàdúrà, mi ò ní kí ẹ má gbà á. Ṣùgbọ́n ẹ gbà á nínú mọ́tò tó ń gbé yín lọ.

Bí omi bá wọlé tí kò jáde mọ́, àwọn ọmọ á ti bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo pé rọ́bà ti dí. Lọ́pọ̀ ìgbà, Màmá kò tíì yàgbẹ́ láti ọjọ́ mẹ́ta ni. Ìfun tó kún máa ń tẹ rọ́bà mọ́lẹ̀. Ìbéèrè yìí ni ó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ bi wọ́n, ẹ má tijú.

Ìtìjú gan-an wá di ọ̀rọ̀. Ikùn ni rọ́bà yìí wà. Ìyá ẹni ọdún 80 kò ní fẹ́ kí ọmọkùnrin rẹ̀ rí ikùn òun, ká má tilẹ̀ sọ ti àna. Ó lè má sọ ọ́. Ohun tí yóò sọ ni pé “ẹ fi mí sílẹ̀, ilé-ìwòsàn tẹ́ mi lọ́rùn.” Mo ti rí ìyá tó ń sọ bẹ́ẹ̀ fún oṣù púpọ̀ títí tí ọmọ-ọmọ rẹ̀ obìnrin fi dé láti yunifásítì. Ní alẹ́ ọjọ́ tí ọmọ náà kọ́ ọ, wàhálà tán. Kò sí dókítà tó lè fi ẹ̀rọ rí irú ìdí bẹ́ẹ̀. Ẹ bi wọ́n ní kọ̀rọ̀: ta ni ẹ fẹ́ kó máa fọwọ́ kàn yín?

Ẹ má sì gba gbogbo iṣẹ́ náà lọ́wọ́ wọn. Bàbá kan wà tó ti fìgbà kan jẹ́ olùkọ́. Ìwé kan wà lọ́wọ́ rẹ̀ tó ń kọ gbogbo nǹkan sí: bí òun ṣe wúwo láàárọ̀, iye ẹ̀jẹ̀ ríru, iye omi tó wọlé àti iye tó jáde. Líìnì pupa ló fi ń fa ìsàlẹ̀ ojúewé. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ní kí òun ràn án lọ́wọ́, ó kó gbogbo rẹ̀ sórí fóònù. Láti ọjọ́ náà ni Bàbá ti ń bínú sí oúnjẹ, sí oògùn, sí gbogbo ayé. Nígbà tí a dá ìwé padà fún un, ara rẹ̀ balẹ̀. Ẹni tí ojú rẹ̀ ti di bàìbàì lè máa wọn ara rẹ̀ lórí ìwọ̀n tó ń sọ̀rọ̀. Ẹni tí ìka rẹ̀ kò le mọ́ lè máa pàṣẹ àkókò. Bí ó bá lè ṣe ohun kan ṣoṣo nínú rẹ̀, kí ó jẹ́ òun ni yóò máa ṣe é.

Báwo wá ni ọmọ Yorùbá ṣe ń sọ fún ìyá rẹ̀ pé “ẹ má mu omi mọ́”? Ó le. Ìyá tó wẹ̀ fún ọ, tó pọn ọ́, kò ní gba ìkìlọ̀ lẹ́nu rẹ. Ìmọ̀ràn tèmi ni pé kí ẹ má sọ ọ́ fúnra yín. Ẹ jẹ́ kí nọ́ọ̀sì sọ ọ́, tàbí ẹgbẹ́ wọn kan ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí tó ti ń ṣe dàyálísíìsì tipẹ́. Iṣẹ́ tiyín ni kí ẹ fi ife kékeré pààrọ̀ ife ńlá, kí ẹ sì rántí pé omi ni ògì, omi ni ọbẹ̀, omi ni áísìkiriìmù.

Nípa oúnjẹ, àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kí ẹbí máa fi òfin dàyálísíìsì apá ká dàyálísíìsì ikùn lọ́wọ́ kò. Ẹni tó ń lọ sílé-ìwòsàn lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣọ́ra gidigidi fún pòtásíọ̀mù, torí ó ń gbára jọ láàrin ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta tí kò lọ, ó sì lè dá ọkàn dúró. Ó pọ̀ nínú ọ̀gẹ̀dẹ̀, ọsàn, omi àgbọn, tòmátò àti iṣu. Iṣu tí a gé wẹ́wẹ́, tí a sè nínú omi púpọ̀ tí a sì da omi náà nù, dín in kù. Ẹni tó ń ṣe ti ikùn lójoojúmọ́ sábà máa ń ní àǹfààní àti jẹ díẹ̀ sí i nínú wọn. Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń yẹ̀ wò ni yóò sọ. Ohun tirẹ̀ ni pé amúaradàgbà ń bá omi jáde lára rẹ̀. Ẹyin, adìyẹ, ẹja tútù: ó nílò wọn ju bí àwọn ọmọ rẹ̀ ṣe rò lọ. Mo ti dé ilé tí wọ́n ti ń fún Màmá ní ẹ̀kọ àti ẹ̀fọ́ nìkan nítorí ẹnì kan ní ṣọ́ọ̀ṣì ní ẹran kò dára fún kíndìnrín. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú, ẹran apá rẹ̀ ti tán. Ìkìlọ̀ mìíràn ni iyọ̀ tí wọ́n kọ sí lára pé sodium rẹ̀ kéré: ọ̀pọ̀ nínú wọn ló fi pòtásíọ̀mù rọ́pò rẹ̀. Ẹ má rà á fún aláìsàn kíndìnrín láìbéèrè. Àgbo tí wọ́n fi ránṣẹ́ láti ilé ńkọ́? A kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, kíndìnrín tó ṣẹ́kù kò sì lè fara da àṣejù. Ibuprofen náà ń ba ìwọ̀nba ìtọ̀ tó ṣì ń jáde jẹ́, ìtọ̀ yẹn sì ṣe iyebíye.

Fún àwọn tí àtọ̀gbẹ wà lára wọn, ẹ jọ̀wọ́ ẹ kọ èyí sílẹ̀. Irú omi dàyálísíìsì kan wà tí wọ́n ń pè ní icodextrin, tí wọ́n máa ń lò fún wákàtí gígùn. Kò ní gúlúkóòsì nínú, ṣùgbọ́n ohun tó ń dà nínú ẹ̀jẹ̀ lè tan àwọn ẹ̀rọ kan tí a fi ń wọn ṣúgà jẹ. Ẹ̀rọ yóò ní ṣúgà ti ga, nígbà tó jẹ́ pé ó ti wálẹ̀. Ọmọ yóò sáré fún Màmá ní ínsúlìn, Màmá yóò sì dákú. Kó tó di pé ẹ lo ẹ̀rọ tí ẹ rà fúnra yín tàbí tí ẹ gbé wá láti Nàìjíríà, ẹ fi han nọ́ọ̀sì. Bí wọ́n bá gbé wọn lọ sí ilé-ìwòsàn tí kò mọ̀ wọ́n rí, ohun tí ẹ ó kọ́kọ́ sọ lẹ́yìn orúkọ wọn ni pé icodextrin ni wọ́n ń lò.

Mo ti dé ibi tí mo ń bọ̀. Àwa Yorùbá ní bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n òwe náà kò sọ èwo nínú àwọn ọmọ. Nínú àwọn ilé tí mò ń wọ̀, ọmọ kan ṣoṣo ni òkété ń mu lọ́mú: ọmọbìnrin, èyí tí kò lọ́kọ tàbí tí ilé rẹ̀ sún mọ́ jù. Àwọn yòókù wà ní Manchester, Houston àti Lẹ́kí, wọ́n ń fi owó ránṣẹ́, wọ́n sì ń pe fídíò ní ọjọ́ Àìkú láti béèrè ìdí tí Màmá fi rù. Ẹni tó ń so ẹ̀rọ lálaalẹ́ kò lè lọ òde alẹ́, kò lè gba iṣẹ́ òru, bí ẹ̀rọ bá ké ní aago mẹ́ta òru òun ló ń dìde. Lẹ́yìn ọdún kan, kò ní sọ pé ó rẹ òun. Yóò máa gbàgbé láti fọ ọwọ́. A ó wá rí omi tó dà bí omi ìrẹsì, a ó sì kọ ọ́ sínú fáìlì pé kòkòrò ni.

Bí ó bá jẹ́ èmi ni mò ń pàṣẹ, kò sí àgbàlagbà tí wọn yóò gbé ẹ̀rọ lọ sílé rẹ̀ kí ẹni méjì ó kéré tán tó kọ́ ọ, kí orúkọ sì wà lára kàlẹ́ńdà fún alẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ọkùnrin lè ṣe é. Ọmọ ọdún méjìdínlógún lè ṣe é. Aládùúgbò tó fẹ́ràn wọn lè ṣe é. Ilẹ̀ Faransé tilẹ̀ kọjá bẹ́ẹ̀: ó ti lé ní ogójì ọdún tí nọ́ọ̀sì àdúgbò ti ń wọ ilé àwọn arúgbó níbẹ̀ láti so ó àti láti tú u, ìjọba ló sì ń sanwó. Nítorí èyí, àwọn arúgbó ló pọ̀ nínú àwọn tó ń ṣe ti ikùn lọ́dọ̀ wọn. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí náà, àwọn ilé-ìwòsàn kan ń rán olùrànlọ́wọ́ wá sílé, ṣùgbọ́n kì í ṣe ibi gbogbo. Ẹ béèrè. Ẹ béèrè lẹ́ẹ̀kejì bí wọ́n bá kọ́kọ́ ní kò sí.

Ẹ béèrè owó náà. Attendance Allowance wà fún ẹni tó ti dé ọjọ́ orí ìfẹ̀yìntì tó sì nílò ìtọ́jú. Carer's Allowance wà fún ẹni tó ń fi ó kéré tán wákàtí 35 lọ́sẹ̀ tọ́jú ẹni tó ń gba irú owó bẹ́ẹ̀, bí owó iṣẹ́ rẹ̀ kò bá kọjá iye tí wọ́n là kalẹ̀. Ẹ̀rọ àti omi, NHS, ètò ìlera ìjọba níbí, ló ń gbé wọn wá sílé lọ́fẹ̀ẹ́. Ṣùgbọ́n ìyá tó bá wá pẹ̀lú físà àlejò láti wá wo ọmọ tuntun, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ yàtọ̀. Wọn kò ní jẹ́ kí ó kú sí ẹnu ọ̀nà, wọn yóò sì gba ìdá 150 nínú ọgọ́rùn-ún owó ìtọ́jú lọ́wọ́ rẹ̀. Ìwé owó yẹn ti da ẹbí rú lójú mi. Ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ ìtọ̀, ẹ̀jẹ̀ àti ẹ̀jẹ̀ ríru Màmá wò nílé kí wọ́n tó wọ bàálù.

Ilé ńkọ́? Ní 1981 ni ilé-ìwòsàn yunifásítì Èkó, LUTH, bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀ ní Nàìjíríà. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2025, ìjọba àpapọ̀ kéde pé owó ẹ̀ẹ̀kan yóò wálẹ̀ láti ₦50,000 sí ₦12,000 ní àwọn ilé-ìwòsàn wọn kan. LUTH, UCH Ìbàdàn àti FMC Abẹ́òkúta wà lára wọn. Ó dára, mo yìn wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ jẹ́ ₦36,000, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin jẹ́ ₦144,000, owó oṣù tó kéré jù lábẹ́ òfin sì jẹ́ ₦70,000. A kò tíì ka owó mọ́tò láti Ṣakí dé Ìbàdàn. Dàyálísíìsì ikùn tí kò nílò iná, tí kò nílò kí arúgbó rin ìrìn àjò, ìbá bá wa mu jù, òun náà ni kò wọ́pọ̀, torí òkèèrè ni wọ́n ti ń kó omi rẹ̀ wọlé, ó sì gbówó lórí. Hong Kong fi í ṣe àkọ́yàn láti 1985. Thailand gbé e wọ inú ètò ìlera gbogbogbòò ní 2008, àwọn àgbẹ̀ ní abúlé sì ń ṣe é nínú ilé wọn. Omi, iyọ̀ àti ṣúgà tí wọ́n pèsè ní mímọ́ tónítóní ni. Ilẹ̀ tó ń ṣe omi dírípù lè ṣe é, bí ìjọba bá ṣèlérí pé òun yóò rà á.

Ọ̀rọ̀ kan ṣẹ́kù tí kò dùn ún sọ. Kì í ṣe gbogbo àgbàlagbà ni dàyálísíìsì yẹ. Ẹni tó ti lé ní 80, tí ọkàn rẹ̀ kò le, tí iyè rẹ̀ ti ń ra, ó lè má fi bẹ́ẹ̀ pẹ́ sí i, kí ó sì lo ọ̀pọ̀ nínú ọjọ́ tó kù ní ilé-ìwòsàn. Ọ̀nà ìtọ́jú mìíràn wà tí kò ní dàyálísíìsì nínú: wọn yóò tọ́jú ara yíyún, èémí, àìtó ẹ̀jẹ̀ àti ìrora, onítọ̀hún yóò sì wà láàrin àwọn ènìyàn rẹ̀. Ẹni tó ti bẹ̀rẹ̀ náà lè ní ó tó. Ọmọ tó bá gba ìpinnu yẹn kò pa ìyá rẹ̀. Ẹnu ìyá náà ni kí ìpinnu ti wá, nígbà tí iyè rẹ̀ ṣì pé. Kì í ṣe ẹnu àkọ́bí tó ń sọ̀rọ̀ láti orí fóònù.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò tó ń ṣe iṣẹ́ yìí lọ́wọ́lọ́wọ́, owó tí ẹ ń fi ránṣẹ́ dára, ẹ má dá a dúró. Ṣùgbọ́n ẹ pè é lálẹ́ òní, kí ẹ bi í pé ọ̀sẹ̀ wo nínú oṣù tó ń bọ̀ ni ẹ máa wá gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ sì gba nọ́ńbà nọ́ọ̀sì Màmá lọ́wọ́ rẹ̀, kí nọ́ọ̀sì lè kọ́ ẹ̀yin náà kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó pé.